Irú ṣíìpù mux wo ni ó yẹ fún sígínà SGMII tí ó ń lọ sí PHY tàbí SFP?

Olùbéèrè, Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ń ṣe bọ́ọ̀dù kan tí yóò máa gba íntánẹ́ẹ̀tì wọlé yálà láti orí wáyà bàbà tàbí láti orí fáíbà, ṣùgbọ́n ẹnu SGMII (ọ̀nà tí processor fi ń bá ṣíìpù Ethernet sọ̀rọ̀) kan ṣoṣo ni processor tí mo lò ní. Ìdí nìyí tí mo fi gbé ṣíìpù mux, èyí tí ń yan ọ̀kan nínú ọ̀nà méjì, sí àárín: apá kan lọ sí PHY (ṣíìpù tí ń gbé sígínà sórí wáyà bàbà) tí ó so mọ́ ihò RJ45, apá kejì sì lọ sí ihò SFP, níbi tí a ń ki ẹ̀rọ kékeré tí ó ń gba fáíbà bọ̀. Mux tí mo mú jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún USB, nítorí pé wọ́n kọ ọ́ sí ojú ewé kìíní ìwé rẹ̀ pé ó lè gbé 10 Gb/s, mo sì rò pé ohun tí ó bá gbé 10 kò ní kọ̀ láti gbé 1.25.

Bí mo bá tan bọ́ọ̀dù náà ní òwúrọ̀, iná link á tàn, páákẹ́ẹ̀tì á sì máa lọ láìsí wàhálà. Bí ó bá ti di nǹkan bí aago méjì ọ̀sán tí yàrá ti gbóná, òǹkà àṣìṣe CRC (àyẹ̀wò tí ń fi páákẹ́ẹ̀tì tí ó bàjẹ́ hàn) á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Nígbà tí ó bá yá, link á já, á padà, á tún já. Mo fi ìka mítà pupa kan ẹsẹ̀ kan lára mux náà, mo sì fi dúdú sí gíráǹdì, láti mọ fóltéèjì tí ó wà níbẹ̀. Ó kọ́kọ́ kà 2.7 fóòtì, lẹ́yìn náà ni ó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, títí tí ó fi dúró sí nǹkan bí 1.9. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé ní gbogbo ìgbà tí ìka mítà wà níbẹ̀, àṣìṣe náà dín kù gidigidi. Bí mo bá ti gbé e kúrò, ó tún padà sí bí ó ṣe wà.

Kapásítọ̀ 100 nF wà láàrin processor àti mux, òmíràn sì wà láàrin mux àti PHY, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe é ní ìhà SFP. Ọ̀nà bàbà láti processor dé mux jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 9, láti mux dé ihò SFP jẹ́ 6. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá kí n wá ṣíìpù mìíràn fún bọ́ọ̀dù kejì, àti ohun tí ó yẹ kí n máa wò kí n tó san owó, nítorí pé owó tí a fi ń kó wọn wọlé láti òkèèrè máa ń ju iye ṣíìpù fúnra rẹ̀ lọ.

Olùdáhùn láti Èkó

Ẹ kú ìnáwó o, ẹ sì kú ìrọ́jú. Kí á tó dá ṣíìpù yẹn lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ohun tí ó ń kọjá nínú rẹ̀, nítorí pé ohun tí ó ń kọjá ni yóò sọ irú ẹnu ọ̀nà tí ó yẹ.

SGMII, èyí tí Cisco gbé kalẹ̀, ń gbé Ethernet 1 Gb/s, ṣùgbọ́n ìyára tí ó wà lójú ọ̀nà bàbà kì í ṣe 1 Gb/s. Kí bíìtì mẹ́jọ tó jáde, ètò 8b/10b máa ń sọ ọ́ di mẹ́wàá, kí iye òdo àti ení lè máa dọ́gba, kí olùgbà sì lè rí àyípadà tí ó pọ̀ tó láti fi mọ àkókò. Nítorí náà, 1.25 Gb/s ni ó ń kọjá nínú mux yín. Ẹ má sì rò pé ó máa dín kù bí ẹnìkan bá so kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí kò ju 10 Mb/s lọ mọ́ RJ45: SGMII kàn ń tún ohun kan náà sọ nígbà 100 fún 10 Mb/s, nígbà 10 fún 100 Mb/s, ìyára ojú ọ̀nà kò yí padà.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nígbà tí wọ́n bá ń wo àtẹ àwọn tí ń ta ṣíìpù. DS90CP22 jẹ́ ṣíìpù LVDS (irú sígínà tí ń gba wáyà méjì pẹ̀lú fóltéèjì kékeré) tí ó dára fún iṣẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n 800 Mb/s ni ó mọ. SN65LVCP22 mọ 1 Gb/s, ẹni tí ó bá sì ń ronú pé "Gigabit" ni òun ń ṣe lè rà á láìfura. DS10CP152 dé 1.5 Gb/s, ó kọjá 1.25, àyè tí ó kù kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó. DS25CP102 dé 3.125 Gb/s. Bí ẹ bá ní i lọ́kàn pé lọ́jọ́ iwájú ẹ ó lo 2500BASE-X (Ethernet 2.5 Gb/s), 3.125 Gb/s gan-an ni ìyára ojú ọ̀nà tirẹ̀, kò sì bójú mu kí a ra ṣíìpù tí òpin agbára rẹ̀ jẹ́ ibi tí a fẹ́ máa gbé lójoojúmọ́.

Ìbéèrè mi sí yín ni èyí: ṣé 1 Gb/s ni bọ́ọ̀dù yìí yóò wà títí, àbí ẹ fẹ́ kí ihò SFP náà gba 10 Gb/s lọ́jọ́ kan?

Olùbéèrè, Ìbàdàn

Mo dúpẹ́, ọ̀gá mi. 1 Gb/s ni yóò wà. Processor yẹn kò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Olùdáhùn láti Manchester

Ẹ kú iṣẹ́, gbogbo ilé. Mo rò pé mo mọ ohun tí ó ń ṣe bọ́ọ̀dù yìí, mítà yẹn gan-an ló sì sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ya oríṣi mux méjì sọ́tọ̀, nítorí pé àìsàn ọ̀kan kì í ṣe àìsàn èkejì.

Oríṣi kìíní ni mo máa ń pè ní onílẹ̀kùn, èyí tí datasheet (ìwé àlàyé ṣíìpù) ń pè ní passive. Transistor kan wà nínú rẹ̀ tí ó ń ṣí tàbí tí ó ń tì, kò sí ohun mìíràn. Sígínà lè gba inú rẹ̀ lọ, ó lè gba inú rẹ̀ bọ̀. Mílíwáàtì díẹ̀ ni ó ń jẹ. Kò sì fi ohun kan kún ohun tí ó ń kọjá, àfi pé ó ń yọ díẹ̀ lára rẹ̀. Oríṣi kejì ni alágbàsọ, èyí tí wọ́n ń pè ní active. Ó ní etí tí ó fi ń gbọ́ sígínà àti ẹnu tí ó fi ń tún un sọ pẹ̀lú agbára tuntun. Ó wúlò nígbà tí ọ̀nà bá gùn tàbí tí ìyára bá ga, ṣùgbọ́n ojú kan ṣoṣo ni ó ń kọ sí, ó lè jẹ ọgọ́rùn-ún mílíwáàtì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ń fi jitter (mímì àkókò sígínà) tirẹ̀ kún un.

Pé alágbàsọ ń kọ ojú sí ibì kan ṣoṣo jẹ́ ohun tí ó yẹ kí a rò dáadáa kí a tó rà á. SGMII ní ọ̀nà ìjáde àti ọ̀nà ìwọlé. Fún ìjáde, a nílò ohun tí yóò gba ọ̀kan kí ó pín in sí méjì. Fún ìwọlé, a nílò ohun tí yóò yan ọ̀kan nínú méjì. Ṣíìpù tí ó ní ẹnu méjì sí méjì, bíi DS10CP152, kò lè ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà méjì ni ẹ ó rà. Bí ẹ bá sì pín ìjáde sí PHY àti SFP pọ̀ láìpa ọ̀kan, PHY tí ẹ kò yàn á ṣì máa gbé páákẹ́ẹ̀tì yín jáde sórí wáyà. Onílẹ̀kùn tí ó ní ọ̀nà méjì, bíi HD3SS3212, ń ṣe ìjáde àti ìwọlé nínú ṣíìpù kan ṣoṣo.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí á padà sí mítà. Onílẹ̀kùn kì í dá fóltéèjì tirẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí ó bá bá lójú ọ̀nà ni ó ń gbé, ìwé rẹ̀ sì máa ń sọ ààlà fóltéèjì àárín tí ó lè gbà, èyí tí wọ́n ń pè ní common mode. Fún HD3SS3212, ààlà náà jẹ́ 0 sí 2 fóòtì. Bí sígínà bá ń gun òkè tí ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ yí 1.2 fóòtì ká, kò sí wàhálà. Bí àárín náà bá gùn kọjá 2 fóòtì, transistor inú rẹ̀ kò ní ṣí tán mọ́, á wá dà bí ilẹ̀kùn tí ẹnìkan dì mú láti ẹ̀yìn.

Ẹ ti fi kapásítọ̀ sí iwájú mux, ẹ sì tún fi sí ẹ̀yìn rẹ̀. Kapásítọ̀ kì í jẹ́ kí iná tí kò yí padà kọjá, nítorí náà ẹsẹ̀ mux yín kò so mọ́ fóltéèjì kankan rárá. Ó ń léfòó bí igbá orí omi. Iná kékeré tí ń jò láti inú ṣíìpù fúnra rẹ̀ ló ń gbé e lọ sókè, ìjò náà sì ń pọ̀ sí i bí ooru bá ṣe ń pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí ọ̀sán fi le ju òwúrọ̀ lọ. Nígbà tí ẹ wá fi mítà kàn án, mítà yín tí ó ní nǹkan bí 10 MΩ láàrin ìka rẹ̀ méjèèjì di ọ̀nà tí iná ìjò náà ń gbà lọ sí gíráǹdì. Kapásítọ̀ 100 nF méjèèjì ní láti tú ohun tí wọ́n ti kó jọ sílẹ̀ kí fóltéèjì tó dúró, ìdí nìyẹn tí ó fi gba ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan. Ẹsẹ̀ kan péré nínú méjì tí sígínà kọ̀ọ̀kan ń gbà ni ẹ fọwọ́ kàn, nítorí náà àṣìṣe dín kù, kò tán.

Àtúnṣe rẹ̀ kò nílò bọ́ọ̀dù tuntun. Ẹ tú kapásítọ̀ tí ó wà láàrin processor àti mux, lójú ọ̀nà ìjáde àti ti ìwọlé, kí ẹ sì fi rẹsítọ̀ 0 Ω tí ó tóbi bákan náà jó mọ́ ojú ibẹ̀. Fóltéèjì àárín ti processor ni yóò wá máa ṣàkóso mux. Kápásítọ̀ ìhà PHY àti ti SFP á dúró sí ààyè wọn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó jó o, ẹ wo ìwé processor yín fún ohun méjì: pé fóltéèjì àárín ìjáde rẹ̀ wà láàrin ààlà tí mux gbà, àti pé olùgbà rẹ̀ ń fi fóltéèjì àárín tirẹ̀ sílẹ̀ láti inú. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí kapásítọ̀ wà ní ìhà méjèèjì, kí ẹ sì fi rẹsítọ̀ bíi 10 kΩ so ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ fóltéèjì kan tí ó fara balẹ̀ ní nǹkan bí 1 fóòtì. Ọ̀nà náà jẹ́ 50 Ω sí gíráǹdì ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kò ní mọ̀ pé 10 kΩ wà níbẹ̀.

Olùdáhùn láti Òṣogbo

Mo ka gbogbo rẹ̀, mo sì gbádùn rẹ̀. Ṣé kò ní rọrùn jù kí a lo àwọn mux tí wọ́n kọ "Gigabit LAN switch" sí lára? TS3L500 wà, orúkọ rẹ̀ gan-an ti sọ pé Ethernet ni.

Olùdáhùn láti Èkó

Ọ̀rẹ́ mi, ìbéèrè tí ó dára ni, nítorí pé orúkọ yẹn ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn rà á fún iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìhà kejì PHY ni TS3L500 wà fún, níbi tí sígínà ti ń jáde lọ sí RJ45. Níbẹ̀, 1000BASE-T ń lo wáyà oníméjì mẹ́rin papọ̀, sígínà orí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń yí padà nígbà mílíọ̀nù 125 péré ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ṣùgbọ́n ó ní ipele fóltéèjì márùn-ún. Ìyẹn ni a ṣe ń rí kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ó ń yan láàrin RJ45 ara rẹ̀ àti ti orí ibùdó tí a ń gbé e lé. Ìhà tí a ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ níhìn-ín ni ti processor, níbi tí gbogbo nǹkan ti ń gba ojú ọ̀nà kan ní 1.25 Gb/s. Bí ẹ bá ń wo mux, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè ìhà wo nínú PHY ni ẹ dúró sí.

Ẹ jẹ́ kí n tún fi èyí kún un. Kí olùbéèrè wo processor rẹ̀ dáadáa bóyá ó ní RGMII (ẹnu mìíràn tí processor fi ń bá PHY sọ̀rọ̀) tí kò níṣẹ́. Bí ó bá ní i, PHY bíi 88E1512 ti Marvell lè gba RGMII ní ìhà kan, kí ó sì fúnra rẹ̀ yan láàrin bàbà àti fáíbà ní ìhà kejì. Mux tí a kò lò rárá kò lè ṣe àìsàn.

Olùbéèrè, Ìbàdàn

Mo ti wò ó. Ẹsẹ̀ RGMII ti lọ sí iṣẹ́ mìíràn lórí bọ́ọ̀dù yìí, nítorí náà mux ni a óò lò.

Olùdáhùn láti Abẹ́òkúta

Ohun tí mo fẹ́ sọ jẹ́ nípa agbára sígínà ní ìhà SFP, nítorí pé ó ti bá mi jà rí. Ìlànà SGMII gbà kí olùfiránṣẹ́ lo ìṣípòpadà fóltéèjì tí ó kéré tó 300 mV láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì lè tó 800 mV. SFP ní tirẹ̀ ń retí ó kéré tán 500 mV ní ẹnu ọ̀nà tí ó fi ń gba ohun tí yóò gbé sórí fáíbà. Ẹ rí i pé processor tí ó pa òfin SGMII mọ́ pátápátá lè máa fún SFP ní ohun tí kò tó o jẹ. Bí mux onílẹ̀kùn bá wá yọ 1 dB (òṣùwọ̀n àdánù sígínà) kúrò, nǹkan bí ìdá mọ́kànlá nínú ọgọ́rùn-ún ti lọ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ processor ní rẹ́jísítà tí a fi ń gbé ìṣípòpadà yìí sókè. Ẹ gbé e sókè fún ìhà SFP, ẹ sì wọ̀n ọ́ ní ẹnu ihò SFP, kì í ṣe ní ẹnu processor.

Kapásítọ̀ tí ẹ fi sí ìhà SFP yẹn kò tilẹ̀ wúlò, nítorí pé SFP ti ní tirẹ̀ nínú fún ìjáde àti ìwọlé. Ní bọ́ọ̀dù kejì, ẹ yọ ọ́. Ibi tí a kò jó nǹkan kan mọ́ kì í da sígínà padà.

Ní ti àdánù ojú ọ̀nà, sẹ̀ǹtímítà 15 lórí bọ́ọ̀dù FR-4 kò tó 1 dB ní 625 MHz, èyí tí í ṣe ìdajì ìyára 1.25 Gb/s. Nítorí náà ẹ kò nílò alágbàsọ rárá. Onílẹ̀kùn tí bandwidth rẹ̀ ju 3 GHz lọ ti tó, torí pé etí sígínà yín, ibi tí ó ti ń gòkè tàbí tí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀, á ṣì mú. Kò sí ìdí láti san owó fún ohun tí ń tún ọ̀rọ̀ sọ nígbà tí a ṣì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ketekete.

Olùdáhùn láti Houston

Ẹ̀yin ará, iṣẹ́ sọ́fítíwíà ni mo ń ṣe, mo sì fẹ́ kí olùbéèrè mọ̀ pé mux lè yí wáyà padà, kò lè yí èdè padà. PHY tí ó wà ní RJ45 ń sọ SGMII. SFP fáíbà ti 1 Gb/s ń sọ 1000BASE-X. Ìyára wọn dọ́gba, 8b/10b ni àwọn méjèèjì ń lò, ìdí nìyẹn tí a fi ń rò pé nǹkan kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n nínú ìdúnàádúrà tí wọ́n ń ṣe kí link tó dìde, ohun tí bíìtì kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí yàtọ̀. Nínú SGMII, PHY ni ó ń sọ fún processor pé "ìyára tí a rí lórí wáyà nìyí". Nínú 1000BASE-X, ìhà méjèèjì ń sọ ohun tí wọ́n lè ṣe fún ara wọn. Àkókò tí wọ́n ń dúró yàtọ̀ pẹ̀lú: 1.6 ms fún SGMII, 10 ms fún 1000BASE-X.

Bí sọ́fítíwíà yín bá kàn yí ẹsẹ̀ tí ó ń yan mux padà láìtún PCS (apá tí ń ṣe 8b/10b àti ìdúnàádúrà) inú processor ṣe, ẹ ó máa rí link tí ó ń dìde lọ́jọ́ kan tí kò sì dìde lọ́jọ́ kejì, ẹ ó sì padà wá dá ṣíìpù lẹ́bi. Bí mo ṣe máa ń tò ó nìyí: mo máa ń kọ́kọ́ pa ìjáde processor, mo máa ń yí mux padà, mo máa ń yí ipò PCS padà sí èdè tí ó yẹ, lẹ́yìn náà ni mo máa ń tan ìjáde, kí n sì bẹ̀rẹ̀ ìdúnàádúrà láti ìbẹ̀rẹ̀. SFP bàbà tí ó ní RJ45 nínú tún jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sọ SGMII. Ẹ ka ohun tí ó wà nínú EEPROM (ṣíìpù ìrántí) SFP náà lórí wáyà I2C, ní àdírẹ́ẹ̀sì 0x50, kí ẹ tó pinnu.

SFP ní ẹsẹ̀ kan tí ó ń sọ bóyá ẹnìkan ti ki nǹkan bọ inú ihò. Ó máa ń lọ sílẹ̀ nígbà tí SFP bá wà níbẹ̀. Àwọn kan máa ń so ó mọ́ ẹsẹ̀ yíyàn mux tààrà, kí ó lè máa yan fúnra rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó lọ sí processor, kí sọ́fítíwíà sì jẹ́ ẹni tí yóò pàṣẹ, nítorí ẹni tí ó ń ki SFP bọ ihò lè máa mì í díẹ̀díẹ̀ kí ó tó wọlé, mux á sì máa yí síwá yí sẹ́yìn lórí sígínà tí ó ń ṣiṣẹ́.

Olùdáhùn láti Manchester

Ẹ̀gbọ́n tí ó sọ̀rọ̀ láti Houston ti sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n parí ti bọ́ọ̀dù.

Fún bọ́ọ̀dù kejì, ẹ yan mux tí ìtò ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ kí ọ̀nà wọlé ní ìhà kan kí ó sì jáde ní ìhà kejì láìsí pé wọ́n ń kọjá lórí ara wọn. Mo ti rí ṣíìpù tí nọ́ńbà rẹ̀ dára ju ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ lórí ìwé, ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi agbára mú wa la ihò mẹ́rin nínú bọ́ọ̀dù kí ọ̀nà méjì lè sá fún ara wọn. Gbogbo àǹfààní rẹ̀ ṣòfò sínú ihò wọ̀nyẹn. Ọ̀nà 100 Ω láàrin ẹsẹ̀ méjèèjì, ilẹ̀ gíráǹdì tí kò já lábẹ́ rẹ̀, kí gígùn ẹsẹ̀ méjèèjì sì dọ́gba. Bíìtì kan ní 1.25 Gb/s gba 800 ps, mìlímítà 1 lórí FR-4 sì jẹ́ nǹkan bí 7 ps, nítorí náà ìyàtọ̀ mìlímítà 1 kò ní pa yín lára. Kò pọn dandan kí ọ̀nà ìjáde àti ti ìwọlé dọ́gba pẹ̀lú ara wọn rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo máa ń rí àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi ọjọ́ méjì ká wọn bí ejò kí wọ́n lè dọ́gba.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ka èyí tí ó sì fẹ́ ṣe 10 Gb/s, ẹ má gbé ìpinnu wa yìí lọ sí ọ̀dọ̀ yín. Ìyára ojú ọ̀nà níbẹ̀ jẹ́ 10.3125 Gb/s, bíìtì kan kò ju 97 ps lọ, sẹ̀ǹtímítà 15 lórí FR-4 sì lè jẹ 4 dB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí a tó kan mux. Níbẹ̀ ni alágbàsọ bíi DS100MB203 ti wúlò. Bí ó bá sì jẹ́ 10GBASE-KR (Ethernet 10 Gb/s tí ń gba ọ̀nà bàbà orí bọ́ọ̀dù) ni, ìhà méjèèjì máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti tún agbára ìjáde ṣe kí link tó dìde, alágbàsọ tí ó ń gé sígínà sí ìwọ̀n kan náà á sì bo ohun tí wọ́n fẹ́ wọ̀n mọ́lẹ̀. Èyí tí ó jẹ́ linear, tí ó ń gbé e bí ó ṣe gbọ́ ọ, ni kí ẹ wá.

Olùbéèrè, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo dọ̀bálẹ̀. Mo ti tú kapásítọ̀ mẹ́rin tí ó wà láàrin processor àti mux, mo sì fi rẹsítọ̀ 0 Ω jó mọ́ ojú wọn. Iṣẹ́ náà gba sùúrù, nítorí pé 0402 (ìwọ̀n tí ó kéré gan-an) ni wọ́n, lẹ́ẹ̀dì sì ń fa ọ̀kan mọ́ ara èkejì, ṣùgbọ́n ó jó. Nígbà tí mo fi mítà kàn án, ẹsẹ̀ ìjáde méjèèjì kà 1.2 fóòtì, ti ìwọlé kà 0.8, wọn kò sì mira bí mo ṣe fi mítà dúró.

Mo ki SFP tí ó ń dá sígínà padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ bọ ihò, mo sì ní kí processor máa fi PRBS7 (bíìtì àdánwò tí ó dà bíi pé kò ní ètò) ránṣẹ́. Ọ̀gá kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ sọ fún mi pé kí n tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé àṣìṣe kò tó ẹyọ kan nínú bíìtì tírílíọ̀nù kan, bíìtì tírílíọ̀nù mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ kọjá láìsí àṣìṣe kankan, ìyẹn sì jẹ́ ogójì ìṣẹ́jú ní 1.25 Gb/s. Mo pa fáànù, mo ti fèrèsé, mo sì bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán. Nígbà tí ó pé ogójì ìṣẹ́jú, òǹkà náà ṣì wà ní 0. Mo fi í sílẹ̀ di aago márùn-ún, 0 náà ni.

Ìhà SFP nìkan ni mo tíì wọ̀n. Mo gbé ìṣípòpadà ìjáde sókè bí ọ̀gá Abẹ́òkúta ti wí, nítorí pé 420 mV ni mo kọ́kọ́ rí ní ẹnu ihò SFP. Ó ti di 690 báyìí. Mo ti ń tún apá sọ́fítíwíà kọ kí PCS lè máa yí èdè padà pẹ̀lú mux. Fún bọ́ọ̀dù kejì, mux onílẹ̀kùn kan náà ni n óò lò, n óò yọ kapásítọ̀ ìhà SFP, n óò sì fi àyè rẹsítọ̀ 10 kΩ sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan láìjó nǹkan mọ́ ọn. N óò gbé àwòrán ọ̀nà bàbà náà síbí ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ kí ẹ bá mi wò ó kí n tó rán an lọ fún títẹ̀.